Fílítà wo ló tó fún táńkì lítà 160 tí ẹja góòlù wà nínú rẹ̀?

Olùtọ́jú-Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú ìtọ́jú ẹja. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ìdí nìyí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ mi wá síwájú yín. Mo ní táńkì onígíláàsì kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 40, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ 45. Ẹja góòlù márùn-ún, irú àwọn oníkùn rọ̀bọ̀tọ̀ tí ìrù wọn pín sí méjì, ni mo kó sínú rẹ̀ ní oṣù méjì sẹ́yìn. Fílítà kékeré kan tí a ń rì sínú omi ló bá táńkì náà wá, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó ń fa lítà 600 ní wákàtí kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, omi náà ṣú, ó funfun bí ẹni pé ìkùukùu wọ inú rẹ̀. Mo rò pé ìdọ̀tí lásán ni. Mo tú fílítà náà palẹ̀, mo fi omi ẹ̀rọ fọ gbogbo ara rẹ̀ títí ó fi ń dán, mo sọ fóòmù àtijọ́ nù, mo sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwé tó bá a wá ṣe sọ pé kí a máa ṣe lóṣooṣù. Ní ọjọ́ kẹta, ẹja kan kú. Ní ọjọ́ kẹrin, èkejì tẹ̀ lé e. Àwọn mẹ́ta tó kù ń lọ sókè omi lemọ́lemọ́, wọ́n ń yanu bí ẹni tí èémí wọ́n fún. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an, nítorí mo gbà pé ìtọ́jú ni mò ń ṣe fún wọn nígbà tí mo ń fọ fílítà yẹn.

Mo fẹ́ ra fílítà mìíràn, mi ò sì fẹ́ ṣi owó ná. Ọ̀nà mẹ́ta ni mò ń rò: fílítà àgbékọ́ tí a ń fi kọ́ etí táńkì, fílítà fóòmù méjì tí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ń mú ṣiṣẹ́, tàbí fílítà onígolo, èyí tó ń jókòó sábẹ́ táńkì tí rọ́bà méjì sì ń gbé omi lọ tí wọ́n ń gbé e bọ̀. Èwo nínú wọn ló tó?

Ìyá-Ẹlẹ́ja

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mo mọ bó ṣe ń rí lára. Kí a tó dé orí èyí tí wàá rà, ó yẹ kí o mọ ohun tó pa àwọn méjì yẹn, torí pé bí o bá ra fílítà tó tóbi jù lọ láyé, tí o sì fọ̀ ọ́ bí o ṣe fọ ti àkọ́kọ́, ohun kan náà ni yóò tún ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan ló wà lára fóòmù tí o sọ nù. Àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ń bá ẹja jẹ májèlé inú omi ló fi ibẹ̀ ṣe ilé. Àwọn tó ṣẹ́ kù sára ike fílítà ni kiloríìnì inú omi ẹ̀rọ sì pa. Táńkì rẹ ti padà sí ọjọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ ẹja tó ti ń dàgbà, tó sì ti ń jẹun púpọ̀, ló wà nínú rẹ̀ báyìí.

Dá mi lóhùn lórí nǹkan mẹ́rin: báwo ni ẹja rẹ ṣe gùn tó, ìgbà mélòó lo ń fún wọn lóúnjẹ lójúmọ́, ìgbà wo lo pààrọ̀ omi gbẹ̀yìn, ṣé o sì ti yẹ omi náà wò fún amóníà, náítíráìtì àti náítíréètì? Lónìí yìí kan náà, kí o tó sùn, pààrọ̀ ìdajì omi náà. Fi oògùn tí ń pa agbára kiloríìnì sínú omi tuntun kí o tó dà á sí i, kí o sì rí i pé kò tutù ju ti inú táńkì lọ. Má fún wọn lóúnjẹ títí di ọ̀la.

Tíṣà-Sáyẹ́ǹsì

Òótọ́ ni Ìyá wa sọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi náà, nítorí ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ tí fílítà ń ṣe kò ní lè mọ èyí tó tó.

Bí ẹja bá ti jẹun, amóníà ń jáde lára rẹ̀ sínú omi, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń gba ibi tí ẹja fi ń mí jáde, kì í ṣe inú ìgbẹ́ nìkan. Oúnjẹ tó ṣẹ́ kù tó sì jẹrà ń fi kún un. Bakitéríà kan ń sọ amóníà yìí di náítíráìtì, òmíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nitrospira sì ń sọ náítíráìtì di náítíréètì. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ fi hàn pé àwọn kan nínú ìran Nitrospira lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Amóníà ń jó ara ẹja. Náítíráìtì ní tirẹ̀ ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń sọ ẹ̀jẹ̀ di aláwọ̀ ilẹ̀ tí kò lè gbé ọ́síjìn mọ́, débi pé ẹja lè máa mí kíkankíkan nínú omi tí ọ́síjìn wà dáadáa. Náítíréètì kò le tó méjèèjì, àmọ́ kò yẹ kí a jẹ́ kó pọ̀ jù.

Àwọn bakitéríà yìí kì í léfòó káàkiri omi. Ara nǹkan ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́: fóòmù, òkúta, ewéko, ògiri gíláàsì. Wọn kì í sì í tètè pọ̀ sí i. Bakitéríà tí ń ba oúnjẹ jẹ́ lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wákàtí, nígbà mìíràn bí ọjọ́ kan gbáko, ni àwọn tiwa yìí ń gbà kí wọ́n tó di méjì. Ìdí nìyí tí táńkì tuntun fi ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí omi rẹ̀ tó gún régé. Omi funfun tí ẹ rí yẹn, àwọn bakitéríà ayára-pọ̀ ló ṣeé ṣe kó fà á, tí wọ́n rí oúnjẹ jíjẹrà púpọ̀ jẹ. Ká ní ẹ fi í sílẹ̀, tí ẹ dín oúnjẹ kù, ó ṣeé ṣe kó mọ́ fúnra rẹ̀.

Olùtọ́jú-Tuntun

Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Ẹ ṣeun, Tíṣà. Mo pààrọ̀ ìdajì omi náà lálẹ́ àná. Kí n tó pààrọ̀ rẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò: amóníà jẹ́ mílígíráàmù 2 nínú lítà kan, náítíráìtì jẹ́ 0.5, náítíréètì jẹ́ 10. pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó ń fi hàn bí omi ṣe kan tó, jẹ́ 7.8, ìwọ̀n ooru rẹ̀ sì jẹ́ dígírì 24. Ẹja mẹ́ta tó kù gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 9 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń fún wọn lóúnjẹ lójúmọ́, mo sì máa ń fún wọn títí wọn kò fi ní fẹ́ mọ́. Kí wọ́n tó kú, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò pààrọ̀ omi, nítorí mo gbà pé iṣẹ́ fílítà nìyẹn.

Tíṣà-Sáyẹ́ǹsì

Àyẹ̀wò yẹn ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un nípa pH, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á sí. Oríṣi amóníà méjì ló wà nínú omi, èyí tó le àti èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀, pH àti ìwọ̀n ooru ló sì ń pinnu bí wọ́n ṣe pín. Ní dígírì 25, bí pH bá jẹ́ 7.0, èyí tó le kò pé ìdá kan nínú 100. Bí pH bá jẹ́ 8.0, ó ti lé ní ìdá 5 nínú 100. Fún omi tiyín, nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 ni. Lójú lásán ó kéré, ṣùgbọ́n ìdá 3 nínú mílígíráàmù 2 ti tó láti pa ẹja lára.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí amóníà àti náítíráìtì, tí a bá ro méjèèjì pọ̀, kọjá 0.5 ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí. Bí ó bá kọjá, ẹ pààrọ̀ omi, ì báà jẹ́ lójoojúmọ́. Ní ti náítíráìtì, ẹ lè fi iyọ̀ tí kò ní àfikún kankan sí i, giráàmù kan fún lítà omi kan, nítorí iyọ̀ ń dènà ọ̀nà tí náítíráìtì ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja. Ẹja góòlù lè gba ìwọ̀n yẹn. Ẹni tó bá ní ewéko púpọ̀ nínú táńkì ni kó ṣọ́ra.

Onígolo

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i ní ìhà fílítà gan-an. Ọdún méje ni mo ti ń lo onígolo, mi ò sì ní fi pa mọ́ pé òun ni mo fara mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iye omi tí a ń bá wí. Gígùn 90 nígbà ìbú 40 nígbà gíga 45, tí a bá pín in sí 1,000, lítà 162 ni. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í bu omi kún táńkì dé etí. Bí omi bá dúró ní sẹ̀ǹtímítà 40, ó ti di 144. Tí òkúta wẹ́wẹ́ tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 5 bá wà nísàlẹ̀, ó ti gba àyè nǹkan bíi lítà 11. Lítà 133 ni omi tí ẹja yín ń gbé nínú rẹ̀ ní tòótọ́.

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lé ni pé kí fílítà yí gbogbo omi táńkì po ní ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀mẹfà ní wákàtí kan, kí ó sì sún mọ́ ẹ̀ẹ̀mẹfà fún ẹja tí ìgbẹ́ rẹ̀ pọ̀. Lórí ìwé, lítà 600 ti fún yín ní ìlọ́po mẹ́rin àtààbọ̀. Ibi tí ìṣòro wà ni pé iye tí wọ́n ń kọ sára páálí jẹ́ agbára pọ́ǹpù nìkan, láìsí fóòmù, láìsí ìdọ̀tí, láìsí rọ́bà tí ń gbé omi gòkè. Tí ẹ bá kó ohun ìsẹ́mi sínú rẹ̀ tán, tí ó sì lo ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè ku ìdajì. Nítorí náà, mo máa ń gba ènìyàn níyànjú pé kí ó wọn ọ́n fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnu rọ́bà tí ń dá omi padà máa dà sínú korobá lítà 10, kí ẹ sì ka ìṣẹ́jú àáyá. Tí ó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 60 kí korobá tó kún, lítà 600 ní wákàtí kan ni ẹ ń rí, ohunkóhun tí páálí ì báà wí.

Ohun tí mo fi fẹ́ràn onígolo ju àgbékọ́ lọ ni àyè inú rẹ̀. Fóòmù, òrùka amọ̀ sísun àti òwú ìsẹ́mi ń rí àyè níbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Fóòmù ńlá ni kí omi kọ́kọ́ kàn, kí ìdọ̀tí tó tóbi kù sí ibẹ̀. Òrùka amọ̀, tí ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ ilé fún bakitéríà, ni kó wá lẹ́yìn, kí ìdọ̀tí má baà dí ihò wọ̀nyẹn. Ẹni tó bá tò wọ́n sódì yóò rí i pé omi kò ní pẹ́ fà sẹ́yìn.

Ìyá-Ẹlẹ́ja

Onígolo, mo gbọ́ tìrẹ, ìṣirò rẹ sì dára. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí a fi ìlọ́po ṣe òfin. Fílítà fóòmù tí afẹ́fẹ́ ń mú ṣiṣẹ́ kì í yí omi po kíákíá tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo ti fi í tọ́ ọmọ ẹja láti ìgbà tí wọ́n ti jáde nínú ẹyin títí wọ́n fi dàgbà, tí amóníà kò sì hàn rárá. Ìyípo omi ń gbé ìdọ̀tí dé ẹnu fílítà, ó sì ń gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ bakitéríà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ilé bakitéríà bá kéré, kí omi máa kọjá lẹ́ẹ̀mẹwàá ní wákàtí kò ní kí ó tóbi.

Ẹ tún wo ẹja tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Oníkùn rọ̀bọ̀tọ̀ kò mọ ìwẹ̀ bí ẹja tó tẹ́ẹ́rẹ́. Bí omi bá ń sáré jù, yóò máa jà á káàkiri títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, tí yóò sì máa fara pamọ́ sí igun kan. Nítorí náà, tí ọmọ wa bá tilẹ̀ ra onígolo, kí ó má jẹ́ kí omi jáde láti ihò kan ṣoṣo bí omi tí a fi ń fọ mọ́tò. Kí ó lo páìpù tí a lu ihò wẹ́wẹ́ sí lára, kí ó sì kọ ojú rẹ̀ sí gíláàsì ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ iná náà ń kọ́? Ní ibi tí iná bá ti lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, omi inú agolo tí a dé pa kò rí ọ́síjìn gbà. Bakitéríà inú rẹ̀ yóò jẹ èyí tó kù tán, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí iná bá dé, gbogbo òkú omi yẹn ni pọ́ǹpù yóò tì padà sọ́dọ̀ ẹja. Fóòmù tó wà nínú táńkì ní tirẹ̀ wà nínú omi tó ṣì ń kan afẹ́fẹ́ lókè, ó sì ń fara dà á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré tí ń lo bátìrì tún lè mú un ṣiṣẹ́ títí iná yóò fi dé.

Onígolo

Mà, mo gba ti iná yẹn, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Láti ìgbà náà, bí iná bá lọ ju wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, mo máa ń da omi inú agolo nù, mo sì ń fi omi táńkì ṣan ohun inú rẹ̀ kí n tó tan án padà. Mo tún gbà pé ìlọ́po kì í ṣe òfin. Àmọ́ fún ẹja góòlù, mi ò rò pé fóòmù afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo lè kó ìgbẹ́ wọn nílẹ̀. Ẹja góòlù kò ní àpò ìkùn gidi, oúnjẹ kì í pẹ́ nínú rẹ̀, èyí ló fi jẹ́ pé ní gbogbo ìgbà ni ó ń jẹ, ní gbogbo ìgbà ni ó sì ń yàgbẹ́. Ohun tí ń fa ìdọ̀tí gidi ni ó nílò.

Alédé

Edé ni mò ń sìn, nítorí náà díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀yin méjèèjì ti dáhùn ara yín: kí ló dé tí ẹni tó béèrè kò fi lè ní fílítà méjèèjì? Onígolo kan fún ìdọ̀tí, fóòmù kan nínú táńkì fún ìgbà tí iná bá lọ. Àǹfààní kejì ni pé bí ó bá fọ ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ yìí, èkejì ṣì wà láìfọwọ́ kàn, bakitéríà kò sì ní pa run lẹ́ẹ̀kan.

Kí ó tún fi fóòmù oníhò ńlá bo ẹnu páìpù tí ń fa omi. Èmi kì í fi ẹnu páìpù sílẹ̀ lásán, nítorí ó ń fa ọmọ edé wọlé, ó sì lè fa ìrù ẹja tó ti rẹ̀.

Fún àwọn mìíràn tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí tí ẹja wọn yàtọ̀: betta kò nílò ju fóòmù kékeré kan lọ nínú lítà 20 sí 30, torí pé omi tó rọra ń lọ ló mọ̀, ó sì lè mí afẹ́fẹ́ láti òkè omi. Ẹja tí inú odò olókùúta ni wọ́n ti wá, tí omi ibẹ̀ ń sáré, ló nílò ìyípo tó pọ̀. Ẹ mọ ibi tí ẹja yín ti wá kí ẹ tó mọ fílítà rẹ̀.

Olùtọ́jú-Tuntun

Ọ̀rọ̀ Alédé wọ̀ mí lọ́kàn. Àmọ́ mo ní ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́, ẹni tó ta táńkì fún mi sọ pé èédú ìsẹ́mi ló ń mú amóníà kúrò, pé bí mo bá ń pààrọ̀ rẹ̀ déédéé, mi ò nílò láti máa pààrọ̀ omi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ìkejì, ṣé fílítà tó tóbi gan-an kò lè gbà mí lọ́wọ́ pípààrọ̀ omi?

Tíṣà-Sáyẹ́ǹsì

Rárá sí méjèèjì, ó sì bà mí nínú jẹ́ pé wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Èédú ìsẹ́mi dára fún mímú òórùn kúrò, àwọ̀ tí igi ń sọ omi dà, àti oògùn tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a ti wo ẹja sàn. Kì í mú amóníà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ojú ihò rẹ̀ ti dí, fóòmù lásán ni ó kù sí. Bí ẹ bá ń fi oògùn sí omi, ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò gba oògùn náà kúrò lọ́wọ́ ẹja. Òkúta zeolite ni ó ń gba amóníà nínú omi tí kò ní iyọ̀, ó sì wúlò ní àkókò pàjáwìrì. Ẹ kíyè sí i pé iyọ̀ ń mú kí ó tú amóníà náà sílẹ̀ padà, nítorí náà ẹ má ṣe lo iyọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan pọ̀ mọ́ ọn.

Ní ti ìkejì, iṣẹ́ fílítà parí síbi náítíréètì. Kò sí ibi tí yóò gbé e lọ. Ewéko ń lò díẹ̀ nínú rẹ̀, ìyókù yóò máa pọ̀ sí i títí ẹ óò fi pààrọ̀ omi. Ohun kejì wà tí kò hàn sí ojú: bakitéríà tí ń jẹ amóníà ń lo èròjà tí kì í jẹ́ kí pH omi já lulẹ̀. Fún giráàmù kan náítírójìn tí wọ́n bá jẹ, nǹkan bíi giráàmù 7 èròjà yìí ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú ọ́síjìn tó lé ní giráàmù 4. Bí a kò bá pààrọ̀ omi fún oṣù púpọ̀, èròjà náà yóò tán, pH yóò já, tí ó bá sì ti lọ sísàlẹ̀ 6, iṣẹ́ àwọn bakitéríà náà yóò fà sẹ́yìn gan-an. Fílítà tó dára jù lọ yóò wá dúró bí ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ rántí ọ́síjìn náà. Ní dígírì 25, omi tí kò ní iyọ̀ kò lè gbé ju nǹkan bíi mílígíráàmù 8.3 nínú lítà kan lọ. Ní dígírì 30, ó ti di 7.5. Ẹja àti bakitéríà ń pín in láàárín ara wọn. Ẹ jẹ́ kí ojú omi máa mì, nítorí ibẹ̀ ni ọ́síjìn ń gbà wọlé.

Olùtọ́jú-Tuntun

Mo ti ra onígolo kan tí wọ́n kọ lítà 1,000 sí lára, àti fílítà fóòmù kan pẹ̀lú pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ fún mi kí n tó ki wáyà bọ iná. Ṣé kí n yọ fílítà àtijọ́ kúrò?

Onígolo

Má yọ ọ́. Fóòmù tuntun inú rẹ̀ ti ń lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ báyìí, bakitéríà díẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ṣiṣẹ́ fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí o bá ní ọ̀rẹ́ tí táńkì rẹ̀ ti pẹ́ tí ẹja rẹ̀ kò sì ṣàìsàn, bẹ̀ ẹ́ kí ó fún ọ ní fóòmù ògbólógbòó kan, gbé e wá nínú omi táńkì rẹ̀ láìjẹ́ kí ó gbẹ, kí o sì fi sínú agolo. Ó lè gé ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kúrò nínú ìdúró rẹ.

Fi òróró silikónì pa rọ́bà róbótó tó wà lábẹ́ ìdérí agolo kí o tó dé e, nítorí ibẹ̀ ni omi ń gbà jò. Bu omi kún agolo kí o tó tan án. Jẹ́ kí wáyà iná kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ kọjá ibi tí o ti fẹ́ kì í bọ ògiri kí ó tó gòkè padà, kí omi tó bá ń ṣàn lójú wáyà lè kán sílẹ̀ dípò kó wọ inú iná. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ sì ni kí o gbé ka ibi tó ga ju ojú omi lọ, tàbí kí o fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn sí rọ́bà rẹ̀. Bí iná bá lọ, omi lè gba inú rọ́bà náà ṣàn jáde sílẹ̀ ilé.

Ìyá-Ẹlẹ́ja

Kí o sì dín oúnjẹ kù sí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì. Lójú tèmi, ìyẹn ṣe pàtàkì ju agolo lọ.

Olùtọ́jú-Tuntun

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá, mo sì padà wá jíṣẹ́ fún yín. Ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní fóòmù àtijọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pààrọ̀ omi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, amóníà wá sí òdo, ṣùgbọ́n náítíráìtì gòkè. Láti ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, méjèèjì ti wà ní òdo, náítíréètì jẹ́ 20, mo sì ń pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ẹja mẹ́ta náà ti kúrò lókè omi, wọ́n ń wá nǹkan jẹ nínú òkúta láti àárọ̀ dé alẹ́. Mo wọn ìyípo omi bí Onígolo ṣe wí: korobá lítà 10 kún ní ìṣẹ́jú àáyá 60 ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ní báyìí tí fílítà ti tó, ṣé mo lè ra ẹja góòlù méjì mìíràn dípò àwọn tó kú?

Ìyá-Ẹlẹ́ja

Inú mi dùn púpọ̀, ọmọ mi. Àmọ́ má rà wọ́n. Fílítà rẹ tó fún mẹ́ta yìí, ó sì lè tó fún márùn-ún lónìí tí wọ́n ṣì kéré. Táńkì náà ni kò tó. Àwọn ẹja yẹn lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ìgbẹ́ wọn nígbà náà kò ní jọ ti ìsinsìnyí, fílítà kò sì lè fi lítà kan kún omi tí wọ́n ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Jẹ́ kí mẹ́ta máa gbádùn ààyè tí wọ́n ní.

Ìgbà wo lo fẹ́ fọ agolo yẹn, ọ̀nà wo lo sì fẹ́ gbà fọ̀ ọ́?

Olùtọ́jú-Tuntun

Mo gbà, mà. Mẹ́ta ni yóò jẹ́. Mo tún wọn ìyípo omi láàárọ̀ yìí, ìṣẹ́jú àáyá 75 ni korobá gbà kí ó tó kún, ìyẹn lítà 480 ní wákàtí kan. Lọ́jọ́ Sátidé tí mo bá ń pààrọ̀ omi, mo máa bu omi táńkì sínú korobá kan, mo máa fún fóòmù ńlá inú agolo nínú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mo sì máa dá a padà. Mi ò ní fọwọ́ kan òrùka amọ̀. Fóòmù inú táńkì yóò dúró di ọ̀sẹ̀ kẹta sí i.